Ayaba èèrà kì í pàṣẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ayaba ló ń ṣèjọba ilé èèrà: ohun tó bá fẹ́ ni gbogbo ilé ń ṣe, iye akọ àti abo tó bá sì wù ú ni wọ́n ń tọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ayaba ló ń yé ẹyin lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ló ń bọ́ ìdin, àwọn ló sì ń mọ èyí tó máa yó àti èyí tó máa kú. Abo ni gbogbo òṣìṣẹ́ yìí. Akọ kì í báwọn ṣiṣẹ́ ilé. Yóò hu ìyẹ́, yóò fò jáde lọ gun abo, kò sì ní pẹ́ kú.

Ayaba máa ń gba àtọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀, á sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpò kékeré kan nínú ara rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹyin tí àtọ̀ bá kàn á di abo, èyí tí kò kàn á di akọ. Akọ èèrà kò ní bàbá.

Ibẹ̀ gan-an ni ìjà láàárín ayaba àti òṣìṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé ìlàjì jíìnì, ìyẹn ohun tí òbí fi ń ta àbùdá látaré ọmọ, ni akọ ní, gbogbo rẹ̀ pátá ló ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ akọ kan ṣoṣo ló gun ayaba, òṣìṣẹ́ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ abo á jọ ní 3/4 jíìnì, òun àti ọmọ ìyá rẹ̀ akọ á sì jọ ní 1/4 péré. Ní ti ayaba, ìdajì ló pín fún akọ, ìdajì ló pín fún abo. Ọgbọọgba ló ṣe ayaba láǹfààní. Abo 3 sí akọ 1 ló ṣe òṣìṣẹ́ láǹfààní. Èèrà kankan ò jókòó ṣírò o. Ìwà tó bá jẹ́ kí jíìnì ẹni pọ̀ láti ìran dé ìran ló ń gbilẹ̀.

Ní 1976, àwọn olùwádìí Robert Trivers àti Hope Hare yẹ oríṣi èèrà 21 wò. Wọn ò ka orí, ìwúwo ni wọ́n wọ̀n, ohun tó sì yẹ kó rí nìyẹn: abo tó máa di ayaba lè tóbi ju akọ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, nítorí náà oúnjẹ tí wọ́n fi tọ́ wọn ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe iye wọn. Ìwúwo náà sún mọ́ 3 sí 1, abo ló pọ̀ jù. Àwọn èèrà tó ń kó ẹrú tún fi ohun tó dùn mọ́ mi jù hàn. Ẹrú tí wọ́n jí láti ilé èèrà mìíràn ló ń bá wọn tọ́mọ, kò sì bá ọmọ náà tan rárá. Níbẹ̀, akọ àti abo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bó ṣe rọ ayaba lọ́rùn.

Ìwádìí kan tó jáde ní 1996 lórí Formica exsecta, oríṣi èèrà kan, ní Finland tún gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú. Bí ẹyin akọ ṣe pọ̀ tó nínú ilé kan náà ló ṣe pọ̀ tó nínú òmíràn. Ṣùgbọ́n níbi tí akọ kan ṣoṣo ti gun ayaba, àwọn òṣìṣẹ́ ń pa ọmọ akọ. Níbi tí akọ púpọ̀ ti gùn ún, tí àwọn òṣìṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ tan mọ́ra, wọ́n dá akọ sí.

Síbẹ̀, ayaba kì í ṣe aláìlágbára. Lọ́dọ̀ Solenopsis invicta, èèrà kan tó ń ta bí iná, àwọn olùwádìí pààrọ̀ ayaba láàárín ilé tó ń tọ́ akọ àti èyí tó ń tọ́ abo. Àbájáde 2001 fi hàn pé ilé kọ̀ọ̀kan yí sí ọ̀nà ayaba tuntun. Ayaba tó wá láti ilé tó ń tọ́ akọ ti dín ẹyin abo kù láti ìdí, òṣìṣẹ́ ò sì lè sọ ẹyin akọ di abo.