Ẹ Má Tíì Bèèrè Iye Ẹja

Ìbéèrè kan náà ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àti àwọn baálẹ̀ máa ń gbé wá bá àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ọ̀sìn ẹja: "Ẹja mélòó ni ká kó sí adágún wa?" Wọn kò tíì mọ̀ bóyá ilẹ̀ ibẹ̀ á gba omi dúró. Wọn kò tíì mọ ibi tí àgbàrá máa gbà kọjá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti mú ọjọ́ tí olóyè kan máa wá da ẹja sómi níwájú oníkámẹ́rà. Ẹja dídà ló kẹ́yìn nínú iṣẹ́ yìí, òun náà ló sì rọrùn jù. Bí omi bá ti gún régé, ọmọdé lè da ẹja sí i.

Bí a ṣe ń ṣán igbó, tí a ń hú kùkùté, tí a ń ta okùn wọn ilẹ̀, ẹni tó bá ti kọ́lé rí mọ ìyẹn. N kò ní tún un sọ.

Amọ̀ ni ẹ ń wá. Ẹ gbẹ́ kòtò kan tó dé ìbàdí, ẹ pọn omi kún un ní òwúrọ̀ kùtù. Nígbà tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, omi á ti fà díẹ̀. Ẹ tún pọn ọ́n kún dé ẹnu, ẹ fi pákó tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó mọ́jú. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà ṣì wà níbẹ̀, ilẹ̀ náà ṣeé lò. Bí ó bá ti gbẹ, ẹ wá ibòmíràn. Àwọn kan á ní kí ẹ ra ọ̀rá ńlá tẹ́ sí ìsàlẹ̀. Ó dáa fún kòtò ẹja tí ẹnì kan ní lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n adágún tí gbogbo ìlú á máa wọ̀, tí wọ́n á máa ju ìwọ̀ sí, ọ̀rá wo ló fẹ́ dúró níbẹ̀?

Ẹ má sé odò fúnra rẹ̀. Àṣìṣe tó ń ba adágún ìlú jẹ́ jù lọ nìyí. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, odò kékeré yẹn ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì ń tan ènìyàn jẹ. Tó bá di oṣù kẹfà, omi gbogbo òkè tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló máa gba ojú kan náà wá, á sì kó ògiri, ẹja àti owó ìlú lọ. Ẹ̀gbẹ́ odò ni ká gbẹ́ adágún sí, ká fi páìpù fa ìwọ̀n omi tí a fẹ́ wọlé. Ẹnu páìpù náà gbọ́dọ̀ ga ju ojú omi adágún lọ kí omi máa já sínú rẹ̀, ká sì fi nẹ́ẹ̀tì tó ní ihò wẹ́wẹ́ dí i, kí òjíjí àti àwọn ẹja igbó mìíràn má wọlé wá jẹ ọmọ ẹja yín. Kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun, ẹ rìn gòkè lẹ́bàá odò náà. Bí wọ́n bá ń fún ẹ̀gẹ́ lókè ibẹ̀, tí wọ́n ń da omi rẹ̀ sódò, oró wà nínú omi yẹn tó ń pa ẹja. Ìdọ̀tí ẹbu epo pupa náà ń gba ọ́síjìn inú omi. Oko kòkó tí wọ́n ń fín oògùn sí, èyí tó burú jù nìyẹn.

Ògiri adágún la fi ń mọ ẹni tó mọṣẹ́. Oníkatakata á ní òun lè gbá a jọ láàárín ọjọ́ méjì. Òótọ́ ni, á gbá a jọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ dúdú, gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà ló máa gbá jọ, omi á sì máa yọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ilẹ̀ dúdú kúrò lójú ibi tí ògiri máa jókòó sí. Ẹ gbẹ́ yàrà sí àárín ojú ibẹ̀ títí tẹ́ ẹ fi wọ inú amọ̀ líle tó ìdajì mítà, kẹ́ ẹ tó fi amọ̀ dáadáa kún un padà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa to amọ̀ ní ìpele ìpele, kí ìpele kọ̀ọ̀kan má ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, kẹ́ ẹ wọ́n omi sí i, kẹ́ ẹ gún un, kẹ́ ẹ tó gbé òmíràn lé e. Fún mítà kan tí ògiri bá fi ga, kí inú rẹ̀ rọ̀ jáde ní mítà méjì. Kí orí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà kan ó kéré tán, kó sì fi sẹ̀ǹtímítà 50 ga ju ojú omi lọ. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé gíga rẹ̀, torí amọ̀ á wọlẹ̀. Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni àsìkò iṣẹ́ yìí. Ẹ má gbin ọ̀pẹ, máńgòrò tàbí igi kankan sórí ògiri: bí igi bá kú, gbòǹgbò rẹ̀ á jẹrà, ojú ibẹ̀ á sì di ọ̀nà omi. Koríko kúkúrú ni kẹ́ ẹ gbìn.

Páìpù oní-ínṣì 6 ni kẹ́ ẹ gbà wọ ìsàlẹ̀ ògiri níbi tó jìn jù, kẹ́ ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ páìpù sí ẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ wá na páìpù mìíràn dúró lórí ìgbọ̀nwọ́ yẹn. Bí páìpù bá dúró, gíga rẹ̀ ni omi máa ga mọ. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, adágún á gbẹ. Níbi tí páìpù bá ti gba inú ògiri kọjá, ẹ fi kọnkéré mọ ọrùn yí i ká, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á máa tọ ara páìpù jáde títí ògiri á fi là. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, lórí ilẹ̀ àdáyébá, kì í ṣe lórí ògiri, ẹ la ojú àgbàrá tó fẹ̀ tó mítà kan, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 30 rẹlẹ̀ ju orí ògiri lọ. Ewé lè dí páìpù lóru ọjọ́ òjò. Ojú àgbàrá yìí ni kò ní jẹ́ kí omi gba orí ògiri kọjá.

Ní ti jíjìn, sẹ̀ǹtímítà 80 níbi tí kò jìn, mítà kan àti ààbọ̀ níbi tó jìn jù.

Ẹ jẹ́ ká fi adágún tó fẹ̀ ní mítà 20, tó gùn ní mítà 25 ṣírò. Mítà onígun mẹ́rin 500 nìyẹn. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá kan, ẹ fọ́n láìmù oko, ìyẹ̀fun tó ń pa kíkan ilẹ̀, kílò 50 sí 100 sí ìsàlẹ̀ àti ara ògiri kí omi tó wọlé. Ẹ dúró ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá da ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ kílò 50 sí i, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí omi kún. Láàárín ọjọ́ bíi méje sí mẹ́wàá, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwọ̀ ewé. Ẹ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ tààrà. Bí ìka yín bá pòórá nígbà tí omi dé ìgbọ̀nwọ́, ó ti tó. Bí ó bá jẹ́ ọrùn ọwọ́ ni omi dé tí ẹ kò ti rí ìka mọ́, ó ti pọ̀ jù, kẹ́ ẹ má da ìgbẹ́ mọ́. Bí ẹ bá ń rí ìka yín kedere títí omi fi kọjá ìgbọ̀nwọ́, oúnjẹ kò tíì sí níbẹ̀. Ẹja tẹ́ ẹ bá dà sínú irú omi bẹ́ẹ̀, ebi ló máa pa á.

Ó wá kan iye ẹja. Adágún tí a kò ra oúnjẹ fún ní ìwọ̀n kílò ẹja tó lè bọ́, kò lè jù ú. Bí ó bá jẹ́ kílò 300 ni adágún yín lè bọ́, ẹja 1,000 á tó gíráàmù 300 níkọ̀ọ̀kan. Bẹ́ ẹ bá da 10,000 sí i, gíráàmù 30 níkọ̀ọ̀kan ni. Ìkòkò ọbẹ̀ kan náà ni, àlejò ló pọ̀. Olùtà ọmọ ẹja tó ní kẹ́ ẹ da ẹgbàárùn-ún sí i kò purọ́ nípa nǹkan kan, owó ọmọ ẹja ló ń kà.

Fún adágún 500 yìí, epìyà 1,000, tó gùn tó ìka ọwọ́. Ẹ dúró oṣù kan sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kẹ́ ẹ tó da ọmọ àrọ̀ 100, tó kéré ju epìyà lọ nígbà náà, sí i. Kí ni àrọ̀ wá ṣe? Epìyà lè bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ láti nǹkan bí ọmọ oṣù mẹ́ta, abo rẹ̀ á gbé ẹyin sẹ́nu títí yóò fi pa á, kò sì ní pẹ́ kó tún bí. Bí kò bá sí ẹja tó ń jẹ ọmọ wọn, kí ọdún tó yípo, adágún á kún fún epìyà tí kò ju ìka méjì lọ, tí wọ́n ti dàgbà tán. Àwọn kan á ní ajá omi tàbí ayé ló sọ ẹja wọn di aràrá. Ebi ni.

Bẹ́ ẹ bá ń ra ọmọ ẹja, ẹ bèèrè ọjọ́ orí wọn. Àwọn mìíràn ń kó àwọn tí kò dàgbà mọ́, tí ẹlòmíràn ti ṣà kù, jọ fún ẹgbẹ́ ìlú, torí wọ́n mọ̀ pé ẹgbẹ́ kì í wò ó. Orí ńlá lórí ara tín-ín-rín, ẹ má gbà á. Kí wọ́n má fún wọn lóúnjẹ fún wákàtí 24 kí wọ́n tó kó wọn. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé wọn, nínú kẹ́ẹ̀gì tí a gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dé etí omi, ẹ máa bu omi adágún sínú kẹ́ẹ̀gì díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́, kí ẹja fúnra wọn wẹ̀ jáde. Olóyè tó da kẹ́ẹ̀gì sómi láti òkè kí wọ́n lè ya fọ́tò, ẹja kú lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ jù lọ wá rèé, òun náà ni ẹnikẹ́ni kì í bèèrè: òru. Ní ọ̀sán, ewé wínníwínní tó sọ omi di àwọ̀ ewé ń lo oòrùn, ó sì ń tú ọ́síjìn sínú omi. Bí oòrùn bá wọ̀, iṣẹ́ yẹn dúró, ṣùgbọ́n mímí kò dúró. Ewé ń mí, ẹja ń mí, ìdọ̀tí tó ń jẹrà nísàlẹ̀ náà ń jẹ ọ́síjìn. Láti alẹ́ títí di ìdájí, ó ń dín kù ni. Aago 5 sí 6 àárọ̀ ló kéré jù. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú fún ọjọ́ mélòó kan, bó ṣe máa ń rí ní oṣù keje àti ìkẹjọ, ọ́síjìn ọ̀sán kò ní tó ti òru. Ẹ jí lọ síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí epìyà bá ń ya ẹnu lójú omi, ẹ ṣí omi tuntun wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ lo ẹ̀rọ ìfami láti máa da omi sókè kó máa já bọ́, ẹ má sì da ìgbẹ́ adìẹ sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tó ń ta kóró oògùn aláwọ̀ méjì fún yín pé kẹ́ ẹ tú u sómi kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Oògùn kì í ṣe afẹ́fẹ́.

Ẹ má sì fi àrọ̀ wo ìlera omi. Àrọ̀ ní ohun kan nínú orí tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè, ó lè yè nínú omi tí epìyà ti kú tán.

Àìmọ èyí ni wọ́n fi ń sọ pé ayé ló pa ẹja ìlú, tí wọ́n á sì wá ìyá arúgbó kan dì í rù. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní FUNAAB, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Abẹ́òkúta, a sì lè wo òkú ẹja ká mọ ohun tó pa á. Bí àìsí ọ́síjìn bá ni, ìdájí ni wọ́n máa ń kú, àwọn epìyà ńlá á kọ́kọ́ lọ, àwọn kéékèèké á ṣẹ́ kù, àrọ̀ àti ọ̀pọ̀lọ́ á wà láàyè. Bí oró bá ni, kò mọ àkókò. Ńlá àti kékeré á kú pọ̀, àrọ̀ náà á kú, ọmọ ọ̀pọ̀lọ́, akàn àti kòkòrò ojú omi náà á kú, àwọn tí kò tíì kú á sì máa yí po bí ọ̀mùtí.

Oró yẹn, àwọn ọmọ ìlú fúnra wọn ló sábà máa ń dà á. Ní Argungu, ní ìpínlẹ̀ Kebbi, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọdún ẹja láti 1934, èèwọ̀ ni láti pẹja nínú odò náà títí ọjọ́ ọdún á fi pé, akèrègbè àti àwọ̀n ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń pa á. Nínú odò Ọ̀ṣun ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, èèwọ̀ ni pípẹja pátápátá, èèwọ̀ yẹn sì ń ṣiṣẹ́ tí ẹ̀ṣọ́ kò lè ṣe. Ní adágún tìrẹ, bí ìlú kò bá ṣòfin pé ìwọ̀ nìkan ni wọ́n á fi máa pẹja, àti pé ó di oṣù kẹfà lẹ́yìn ìdàsómi kí ẹnikẹ́ni tó pẹja, ẹnì kan á gbé Gammalin wá lóru. Oògùn kòkó ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Lindane ni ohun tó wà nínú rẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé sì ti kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ àdéhùn Stockholm, èyí tó wà fún àwọn oró tó ń pẹ́ kó tó tán, ní 2009, pé kí wọ́n pa á rẹ́. Kì í bá omi lọ. Inú ọ̀rá ara ẹja ló ń wọ̀, á ti ibẹ̀ wọ ọ̀rá ara ẹni tó jẹ ẹ́, ó sì ń pẹ́ nínú ẹrẹ̀. Yíyan ẹja yẹn tàbí sísè é kò lè mú un kúrò tán. Ẹja tí wọ́n bá ṣà níbẹ̀ lówùúrọ̀, tí wọ́n gbé lọ sọ́jà pé "tútù yọ̀yọ̀", oró ni wọ́n ń tà.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣa ẹja kankan, kódà èyí tó ṣì ń mí. Ẹ dí páìpù àbájáde, kẹ́ ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, torí odò tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ń pọn ni omi yẹn máa wọ̀. Ẹ bu omi sínú ìgò tó mọ́, kẹ́ ẹ pe ẹ̀ka ìpẹja ní ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìpínlẹ̀ yín àti NAFDAC. Ẹ kó òkú ẹja sínú kòtò jíjìn tó jìnnà sí kànga, kẹ́ ẹ sì bò ó mọ́lẹ̀ kí ajá àti ẹlẹ́dẹ̀ má hú u jẹ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀ mọ́ títí àyẹ̀wò omi àti ẹrẹ̀ á fi jáde.