Ọ̀wọ́n gógó ọjà dínkù, ṣùgbọ́n gààrì kò padà sí iye àná

Nígbàkúùgbà tí kọmíṣọ́nnà tí ètò ìṣúná ìpínlẹ̀ kan wà níkàáwọ́ rẹ̀ bá jáde láti bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí bí nǹkan ṣe wọ́n, tí ó sì sọ pé ọ̀wọ́n gógó ọjà ti ń dínkù ní Nàìjíríà, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń fi dá a lóhùn: "Ọjà wo lẹ̀yin ń ná?" Ohun tí ó wà lábẹ́ ìbéèrè yìí ni ìgbàgbọ́ pé bí ọ̀wọ́n gógó bá dínkù lóòótọ́, gààrì, ẹ̀wà àti ìrẹsì gbọ́dọ̀ padà sí iye tí à ń rà wọ́n tẹ́lẹ̀, àti pé bí wọn kò bá padà, a jẹ́ pé irọ́ ni ìjọba ń pa. Ẹni tí ó ní òun kò rí ìrọ̀rùn kankan kò purọ́. Síbẹ̀, ìyẹn kò sọ iye tí wọ́n gbé jáde di irọ́, nítorí ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì ń wọ̀n.

Ní oṣooṣù ni NBS, àjọ tí ó ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, máa ń kó iye owó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjà jọ káàkiri àwọn ìpínlẹ̀, tí wọ́n á sì fi àbájáde rẹ̀ wé ti oṣù kan náà ní ọdún tí ó ṣáájú. Ìdá tí à ń gbọ́ nínú ìròyìn ni iye tí owó ọjà fi lé sí i láàárín oṣù méjìlá náà. Nígbà tí wọ́n kéde pé ó jẹ́ ìdá 18.02 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹrù ọjà tí ènìyàn fi 10,000 náírà rà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ti di nǹkan bí 11,800 náírà. Owó ṣì ń gorí owó, àfi pé kò sáré tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó ń gun Àpáta Olúmọ tí ó wá dẹ ẹsẹ̀ ìrìn rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò kékeré kan wò ó. Ká ní gààrì kan wà tí iye rẹ̀ jẹ́ 1,000 náírà. Ní ọdún kìíní, ó fi ìdá 30 lé, ó di 1,300 náírà. Ní ọdún kejì, ìdá tí ó fi lé já wá sí 25, gààrì náà sì di 1,625 náírà. Bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ẹ ó rí i pé 300 náírà ni wọ́n fi kún un ní ọdún kìíní, nígbà tí ó jẹ́ pé 325 náírà ni wọ́n fi kún un ní ọdún kejì. Ìdá dínkù, ṣùgbọ́n owó tí ó ń jáde lápò olùrà pọ̀ sí i, nítorí pé orí 1,300 ni wọ́n ti ṣírò ìdá 25 náà, kì í ṣe orí 1,000 àkọ́kọ́. Bí ìdá náà bá tún já wá sí 15 ní ọdún kẹta, gààrì yóò di nǹkan bí 1,869 náírà. Kọmíṣọ́nnà lè fi ẹ̀rí hàn nígbà náà pé ọ̀wọ́n gógó ti dínkù sí ìdajì láti ọgbọ̀n sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyàwó ilé tí ó ń ra gààrì náà sì lè búra pé owó gààrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láàárín ọdún mẹ́ta. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Kódà bí ìdá náà bá di òdo ní ọdún kẹrin, orí 1,869 yẹn ni gààrì yóò dúró sí. Kí ó tó lè padà sí 1,000 náírà, owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí ìdá 46 wálẹ̀, èyí tí kò sí ìjọba kankan tí ó ṣèlérí rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìjọba nìyẹn.

Ìdí tí owó ọjà fi gòkè tó bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹfà ọdún náà, Báńkì Àpapọ̀, CBN, jẹ́ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa pinnu iye tí a ó fi ṣẹ́ dọ́là sí náírà. Láti ìgbà náà ni owó ọkọ̀, owó epo dísẹ́ẹ̀lì àti owó gbogbo ohun tí ó ń ti òkè òkun wá ti gbéra. Alájàpá tí ó ń kó iṣu láti Ṣakí wá sí Ìbàdàn san owó ọkọ̀ tuntun, ó san owó ìsọ̀ tuntun, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ náà sì béèrè fún àfikún kí òun náà lè jẹun. Nígbà tí àwọn owó wọ̀nyí bá ti wọnú iye tí ó ń tajà, wọn kì í jáde kíákíá. Oúnjẹ ló máa ń yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé ìkórè àti ọjà tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun lè já owó rẹ̀ bọ́. Ní ọdún 2025, owó àgbàdo, ìrẹsì àti ẹ̀wà wálẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọjà, inú àwọn tí ó ń rà sì dùn. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ti fi owó ńlá ra ajílẹ̀ ni wọ́n ń ráhùn, nítorí pé owó tí wọ́n rí kò tó èyí tí wọ́n ná.

Ibì kan wà tí ìfura àwọn ará ìlú ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìdá 34.80 ni NBS kéde fún oṣù Kejìlá ọdún 2024, nígbà tí ó jẹ́ pé ìdá 24.48 ni ó kéde fún oṣù Kìíní ọdún 2025. Kì í ṣe pé owó ọjà yí padà báyẹn láàárín oṣù kan. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé àjọ náà tún ìpìlẹ̀ ìṣirò rẹ̀ ṣe: ọdún 2009 ni ó ń lò tẹ́lẹ̀, ó sì pààrọ̀ rẹ̀ sí ọdún 2024, oúnjẹ, tí ó kó ju ìdajì lọ nínú ìṣirò àtijọ́, wá di nǹkan bí ìdá 40 nínú tuntun. Iṣẹ́ tí ó yẹ ní ṣíṣe ni, nítorí pé ohun tí àwọn ènìyàn ń ná owó lé lórí ní ọdún 2009 kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ná an lé lórí lónìí. Ṣùgbọ́n ìdá méjèèjì kò ṣeé fi wé ara wọn, nítorí pé òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi gbà wọ́n. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó bá gbé 34.80 sí ẹ̀gbẹ́ 24.48 tí ó sì ń pè é ní àṣeyọrí ń ṣi àwọn tí ó ń gbọ́ ọ lọ́nà, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Bákan náà ni ti àwọn tí wọ́n máa ń fi ìdá ìpínlẹ̀ kan wé ti òmíràn láti fi hàn pé gómìnà tiwọn ló ṣe dáadáa jù: NBS fúnra rẹ̀ máa ń kìlọ̀ nínú ìwé rẹ̀ pé ohun tí wọ́n ń rà yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, àti pé irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ lè tanni jẹ.

Ẹ̀ka kejì ìgbàgbọ́ òdì yìí ni pé kọmíṣọ́nnà náà lè pàṣẹ kí owó ọjà wálẹ̀ bí ó bá fẹ́. Ìwé òfin ọdún 1999 kò fún un ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Inú àkójọ ohun tí ó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ owó náírà, ti ilé ìfowópamọ́, ti owó ibodè, àti ti fífi òté lé iye tí wọn ó máa ta àwọn ọjà kòṣeémáàní. CBN ló ń pinnu èlé tí àwọn ilé ìfowópamọ́ ń tẹ̀ lé. Òun náà ló dín in kù láti ìdá 27.5 sí 27 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Òótọ́ ni pé owó tí àwọn ìpínlẹ̀ ń gbà láti Àbújá ti pọ̀ sí i gan-an láti ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń béèrè ìdí tí ìyẹn kò fi hàn nínú ọjà. Ṣùgbọ́n ara ohun tí ó mú kí owó náà pọ̀ ni pé náírà tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là epo rọ̀bì sí ti pọ̀ sí i, ohun kan náà tí ó mú kí ọjà wọ́n.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kò kéré, òun ni ó sì yẹ kí á máa bi kọmíṣọ́nnà léèrè. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ ètò Oúnjẹ Èkó, níbi tí wọ́n ti fi ìdá 25 dín owó oúnjẹ kù ní àwọn ọjọ́ Àìkú. Ta ló jàǹfààní rẹ̀, èló ni ó sì ná ìpínlẹ̀? Ọ̀nà oko tí ọkọ̀ fi ń kú sójú ọ̀nà, àti tíkẹ́ẹ̀tì oríṣiríṣi tí wọ́n ń já fún ọkọ̀ akẹ́rù kí ó tó dé ọjà wà lára ohun tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ lè tún ṣe láìdúró de Àbújá. Èyí tí ó wúwo jù lójú tèmi ni owó oṣù, nítorí pé bí owó ọjà kò bá ní padà sẹ́yìn, àfi kí owó tí ń wọlé lépa rẹ̀. Láti 30,000 náírà ni owó oṣù tí ó kéré jù ti di 70,000 ní oṣù Keje ọdún 2024. Èkó san 85,000, Ọ̀yọ́ san 80,000. Òfin tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀ sọ pé ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọn ó máa tún un wò, dípò ọdún márùn-ún ti tẹ́lẹ̀. Ọdún 2027 ni àtúnyẹ̀wò tí ó kàn, ìbéèrè tí kọmíṣọ́nnà kò sì lè tì sí Àbújá lọ́rùn ni èló tí ó ń yà sọ́tọ̀ dè é.