Ọmọ Ibo Ni Ọ́? Bí Àwòrán Àsíá Ṣe Ń Béèrè Rẹ̀

Pupa lókè, funfun nísàlẹ̀: àsíá Indonéṣíà nìyẹn. Pupa lókè, funfun nísàlẹ̀: ti Monaco náà nìyẹn. Ẹni tó bá rí méjèèjì lórí òpó láti òkèèrè kò ní mọ èwo ni èwo, torí pé ti Indonéṣíà kàn gùn díẹ̀ ju ti Monaco lọ ni. Ká sì dojú rẹ̀ dé, kí funfun bọ́ sókè, ó ti di ti Pólándì. Síbẹ̀, bí ọmọ Indonéṣíà tó ti pẹ́ lájò bá ṣàdédé rí pupa àti funfun yẹn, omi lè bọ́ lójú rẹ̀. Aṣọ kọ́ ló pa á lẹ́kún.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn tó ń fi àsíá ya àwòrán aláwọ̀ lásán ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn àwòrán tí kò fara jọ ènìyàn, igi tàbí ilé, tó jẹ́ pé àwọ̀, ìlà àti ìrísí nìkan ló fi ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àsíá rí kí ayàwòrán kankan tó fọwọ́ kàn án. Ohun tó sọ ìlà mẹ́ta di ilé baba ẹnìkan ni pé ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ti fẹnu kò lé e lórí, wọ́n sì ń tún un fẹnu kò lójoojúmọ́: nílé ìwé, ní pápá bọ́ọ̀lù, lórí pósí ọmọ ogun tó kú. Ayàwòrán á wá máa tú àdéhùn náà díẹ̀díẹ̀. Á yọ àwọ̀ kúrò, á wò ó bóyá àsíá ṣì kù síbẹ̀. Á dá àwọ̀ sí, á da ìlà rú. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé, kí ni wọ́n máa mú kúrò kí ẹni tó ń wò ó tó sọ pé, “Rárá o, èyí kì í ṣe tiwa mọ́”?

Jasper Johns, ọmọ Amẹ́ríkà, ló la ọ̀nà yìí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lọ́dún 1954, lẹ́yìn tó ti kúrò nínú iṣẹ́ ológun, ó lá àlá pé òun ń ya àsíá Amẹ́ríkà kan tó tóbi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Ọ̀dà tó kọ́kọ́ lò kì í tètè gbẹ, ló bá yíjú sí ìda. Wọ́n á yọ́ ìda lórí iná, wọ́n á po àwọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á sì fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún nígbà tó ṣì gbóná. Bó bá ti fara kan aṣọ báyìí, ó ti dì. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ibi tí búrọ́ọ̀ṣì gbà kọjá fi hàn gbangba. Johns tún ya ìwé ìròyìn sí wẹ́wẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìda náà. Láti òkèèrè, àsíá ni. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn á rí lẹ́tà tó ń yọjú lábẹ́ pupa àti funfun, ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó ti kọjá, tó há sínú ìda bí ìgbà tí kòkòrò bá há sínú oje igi. Bí orílẹ̀-èdè gan-an ṣe rí nìyẹn: àmì kan ṣoṣo lókè, ariwo ẹnu oríṣiríṣi ènìyàn lábẹ́. Ìràwọ̀ 48 ló wà lára àwòrán náà, torí Alaska àti Hawaii kò tíì di ìpínlẹ̀ àfi lọ́dún 1959. Àsíá tó yà ti di ti àtijọ́. Orílẹ̀-èdè tó ni ín ṣì wà.

Lọ́dún 1955, ó ya òmíràn tó funfun láti òkè délẹ̀, àsíá Amẹ́ríkà ṣì hàn nínú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo àsíá ló lè là á já bẹ́ẹ̀. Ká fọ àwọ̀ ti Jàpáánì dànù, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì máa fi òbìrìkìtì àárín rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ti Faransé ńkọ́? Òpó mẹ́ta tó dúró lásán ló máa kù, ó sì lè jẹ́ ti Ítálì, ó lè jẹ́ ti Áílándì. Nítorí náà, ayàwòrán tó mọ iṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ wá ibi tí ẹ̀mí àsíá náà wà, kó tó mọ ibi tó máa fọwọ́ kàn.

Èyí tó jinlẹ̀ jù lọ nínú gbogbo wọn ni èyí tí Johns yà lọ́dún 1965. Àsíá méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Àwọ̀ ti òkè ti ṣì pátápátá: ìlà rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé àti dúdú, igun ìràwọ̀ jẹ́ àwọ̀ ọsàn, ìràwọ̀ sì dúdú. Ti ìsàlẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú. Àmì tóótó kan wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Téèyàn bá tẹjú mọ́ àmì ti òkè fún nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú, tó wá gbé ojú sọ̀ sórí ti ìsàlẹ̀, pupa, funfun àti búlúù á yọ jáde lórí eérú náà, wọ́n á sì rọra pòórá.

Ohun tó fà á kò ṣòro. Ẹ̀yìn ẹyinjú ní oríṣiríṣi ohun tíntìntín tó ń gba àwọ̀. Bí ojú bá pẹ́ lórí àwọ̀ ewé, èyí tó ń gba àwọ̀ ewé á rẹ̀. Tí ojú bá wá bọ́ sórí eérú, àwọn tí kò tíì rẹ̀ ni ohùn wọn máa lọ sókè jù: ewé á fi pupa sílẹ̀, ọsàn á fi búlúù sílẹ̀, dúdú á fi funfun sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kun pupa kankan síbẹ̀. Ara ẹni tó ń wò ló pèsè rẹ̀. Ojú ẹnikẹ́ni lágbàáyé ló lè rí àwọ̀ náà, àmọ́ ẹni tó ti mọ àsíá yẹn tẹ́lẹ̀ nìkan ló máa sọ pé ó ti padà bọ̀ sípò. Ọ̀rọ̀ “padà” yẹn ni ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè ń gbé inú rẹ̀.

Lọ́dún 1990, David Hammons, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, gba ọ̀nà mìíràn. Aṣọ ló rán, kì í ṣe ọ̀dà ló kùn. Ìlà àti ìràwọ̀ Amẹ́ríkà wà níbẹ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n pupa, dúdú àti àwọ̀ ewé ló fi ṣe é, àwọ̀ tí UNIA, ẹgbẹ́ tí Marcus Garvey dá sílẹ̀ láti jà fún àwọn aláwọ̀ dúdú, gbà gẹ́gẹ́ bí àsíá àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́dún 1920. Níbi iṣẹ́ Johns, ojú ló ń tún àṣìṣe ṣe. Níbi ti Hammons, kò sí àṣìṣe kankan láti tún ṣe. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, aláwọ̀ dúdú ni, ọ̀kan kò sì yẹ̀ fún èkejì. Ẹni tó bá rò pé ó yẹ kí àwọ̀ náà padà sí ti tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ pé ta ló ni “ti tẹ́lẹ̀” yẹn.

Iṣẹ́ tí kì í yọrí sí ibì kankan ni kí wọ́n kàn da àwọ̀ àsíá sórí aṣọ kó máa ṣàn. Ó lè dùn-ún wò lára ògiri, àmọ́ kò tú àdéhùn kankan. Bí ohun gbogbo bá sì yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ń wò kò ní rí ibi tó máa dì mú.

Yukinori Yanagi, ọmọ Jàpáánì, kò tilẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ti ẹ̀. Nínú iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1990, ó fi iyanrìn aláwọ̀ ya àsíá onírúurú orílẹ̀-èdè sínú àwọn àpótí tó mọ́ gaara, ó fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ihò nínú so wọ́n pọ̀, ó sì tú èèrà sínú wọn. Èèrà gbẹ́ ihò, wọ́n ń gbé iyanrìn láti inú àsíá kan bọ́ sí òmíràn, horo kan lẹ́ẹ̀kan, títí pupa ẹlòmíràn fi ń yọ nínú funfun ẹlòmíràn.