Ipa àwọn aṣòfin nínú ìdájọ́ òdodo àti ààbò àgbáyé

Àwọn aṣòfin ń kópa nínú ìdájọ́ òdodo àti ààbò nípa òfin tí wọ́n ń ṣe, ètò ìṣúná tí wọ́n ń yẹ̀ wò kí ìjọba tó náwó, àti àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń fi òǹtẹ̀ lù.

Ọrọ̀ ajé àti ìgbé ayé ará ìlú

Ní ọdún 1883, ilé aṣòfin Jámánì ṣe òfin adójútòfò ìlera fún òṣìṣẹ́: nígbà náà, òṣìṣẹ́ ń san ìdá méjì nínú mẹ́ta owó náà, agbanisíṣẹ́ sì ń san ìyókù. Òfin owó arúgbó tẹ̀ lé e ní 1889. Ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó tó ń tọpa ìnáwó ìjọba ní ilé aṣòfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wà láti 1861.

Àdéhùn àgbáyé

Ibí yìí, bóyá, ni ọwọ́ aṣòfin ti lágbára jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ará ìlú kì í sábà fiyè sí i. Bí aṣojú ìjọba bá buwọ́ lu àdéhùn, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àdéhùn náà kò tíì de orílẹ̀-èdè rẹ̀ títí ilé aṣòfin yóò fi fọwọ́ sí i. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń tẹ̀ lé ìlànà òfin Gẹ̀ẹ́sì, ó tún kù kí wọ́n sọ ọ́ di òfin abẹ́lé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, adájọ́ tó mú àdéhùn náà dání kò ní rí abala òfin tí yóò fi dá ọ̀daràn lẹ́bi.

Àpẹẹrẹ pàtàkì ni Àdéhùn Róòmù, èyí tó dá Ilé Ẹjọ́ Ọ̀daràn Àgbáyé sílẹ̀. Ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1998 ni wọ́n fẹnu kò lé e lórí, ṣùgbọ́n ó di dandan kí orílẹ̀-èdè 60 fi òǹtẹ̀ lù ú. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2002, orílẹ̀-èdè mẹ́wàá gbé ìwé òǹtẹ̀ wọn kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iye náà sì pé. Abala 27 rẹ̀ sọ pé ipò olórí orílẹ̀-èdè kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ẹjọ́. Èyí wà lára ohun tó mú kí Faransé tún ìwé òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣe ní 1999 kó tó lè wọ inú àdéhùn náà.

Bákan náà ni Àdéhùn Òwò Ohun Ìjà, tí Àpéjọ Gbogbogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbà wọlé ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, dúró de òǹtẹ̀ orílẹ̀-èdè 50. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 2014. Ó ka títa ohun ìjà léèwọ̀ bí orílẹ̀-èdè tó ń tà á bá mọ̀ pé wọn yóò fi ṣe ìpakúpa ẹ̀yà.

Àjọṣe àwọn ilé aṣòfin

William Randal Cremer, aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì, àti Frédéric Passy, aṣòfin Faransé, ló dá àjọ tó so àwọn ilé aṣòfin àgbáyé pọ̀ sílẹ̀ ní 1889, kí ìjíròrò lè rọ́pò ogun. Passy wà lára àwọn méjì tó kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 1901. Cremer gba tirẹ̀ ní 1903.