Àwòrán CT tó mọ́ jù kọ́ ló dára jù

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó mọ́ kedere o, owó tá a san kì í ṣe kékeré.” Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó wá ya CT ikùn, ìyẹn àwòrán tí ẹ̀rọ máa ń yà láti fi inú ara hàn, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Fọ́tò ìgbéyàwó, bó bá ṣe mọ́ tó ló ṣe dára tó. Ṣùgbọ́n ìtànṣán X-ray ni CT fi ń ya tiẹ̀. Inú ara ló ń gbà kọjá, ara á sì gba nínú rẹ̀ sára, èyí tó lè ṣèpalára tó bá pọ̀ jù.

Tí ìtànṣán bá kéré, àwòrán CT á rí wínníwínní, bí ìgbà tí wọ́n bu iyanrìn wọ́n ọn. Tá a bá wá fẹ́ kí iyanrìn yìí dín sí ìdajì, ìtànṣán ìlọ́po méjì kò tó o. Ìlọ́po mẹ́rin ni. CT ikùn kan máa ń gbà tó nǹkan bíi 8 millisievert (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìtànṣán tó wọ ara), nígbà tí èyí tí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti òfúrufú ń fún èèyàn lọ́dún kan kò ju nǹkan bíi 2.4 lọ. Ẹ wá sọ 8 yẹn di 32, nítorí kí àwòrán lè dán lójú!

Ohun tá à ń wá ló yẹ kó sọ bí àwòrán ṣe máa mọ́ tó. Òkúta inú kíndìnrín máa ń funfun báláú láàárín ẹran ara tó ní àwọ̀ eérú. Bí iyanrìn tilẹ̀ bò ó, ojú á rí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè wá a pẹ̀lú ìtànṣán tí kò tó 3 millisievert. Kókó kékeré inú ẹ̀dọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ àti ti ẹ̀dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, iyanrìn díẹ̀ ti tó láti gbé e pamọ́. Ẹni tó bá ń dín ìtànṣán kù níbẹ̀ láìronú ń ṣe aláìsàn níbi, torí tí dókítà kò bá rí àwòrán náà kà, wọn á tún un yà, ara á sì gba ìtànṣán méjèèjì.

Àwọn kan gbọ́ “ìtànṣán”, wọ́n wá ń sá fún CT pátápátá. Mi ò bá wọn lọ síbẹ̀ rárá. Tí ìfun bá ti lu tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ikùn lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀, àìtètè mọ̀ ló ń pààyàn.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi wọ́n ni iye ìgbà tí wọ́n máa ya ikùn náà. Wọ́n lè yà á kí wọ́n tó fa oògùn tó ń mú kí àwòrán hàn dáadáa sí iṣan, kí wọ́n tún yà á lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn rẹ̀. Ìtànṣán ìgbà mẹ́ta nìyẹn. Nígbà míì ó pọn dandan, nígbà míì ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó. Tó bá jẹ́ ọmọdé ni, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti dín ìwọ̀n rẹ̀ kù bá ara rẹ̀ mu. Tẹ́ ẹ bá sì ti ya CT ikùn rí níbòmíì, ẹ mú CD rẹ̀ dání, kí dókítà kọ́kọ́ wò ó kó tó ní kí wọ́n ya òmíràn.