Despot: Olórí Ilé Tó Di Èébú

Pe ẹnì kan ní despot lónìí, o ti bú u. Ọba òǹrorò ni, tàbí olórí ìjọba tó ń fi tipátipá ṣàkóso. Kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn. Ohun tó ń bí ni nínú ni bí àwọn èèyàn ṣe gbà pé èébú ni wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà fún.

Èdè Gíríìkì ló ti wá. Despótēs ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ méjì ló sì so pọ̀: “ilé” àti “ẹni tó lágbára lórí nǹkan”. Ìdajì tó dúró fún ilé yẹn bá domus tan, ìyẹn orúkọ tí àwọn ará Róòmù ń pe ilé. Ẹ gbé e dé Òmù-Àrán tàbí Ọ̀fà, wọ́n á ní baálé ni. Ní Ìlọrin, wọ́n lè ní magàjí agboolé. Ta ló ń gbọ́ baálé tí ọkàn rẹ̀ ń lọ síbi ìkà? Baálé ló ń parí ìjà, òun ni àna ń wá bá tí wọ́n bá fẹ́ tọrọ ìyàwó, bó bá sì rán ọmọdé níṣẹ́, ọmọ kì í bèèrè ìdí. Síbẹ̀, bó bá ṣìwà hù, àwọn àgbà ilé àti àwọn obìnrin tí wọ́n bí sí agboolé lè pè é jókòó.

Ibẹ̀ gan-an ni àfiwé yìí ti já. Nínú ilé àwọn Gíríìkì, despótēs náà ni olówó ẹrú, ẹrú kò sì lè pe olówó rẹ̀ jókòó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó fún ọba Páṣíà: lójú tiwọn, gbogbo ìlú ló ń lò bí ẹrú tó fowó rà. Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìkì, tẹnu mọ́ ọn pé ìlú kì í ṣe ilé kan tó kàn tóbi. Àkóso ẹrú yàtọ̀ sí àkóso ẹni tó lómìnira. Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣe kedere tó bẹ́ẹ̀. Yorùbá náà kò da baálé pọ̀ mọ́ baálẹ̀.

Ní Kọnstantinópù, olú-ìlú ìjọba Róòmù ti ìlà-oòrùn, oyè iyì ló dà. Lọ́dún 1163, Ọba Manuel Kìíní fi Béla jẹ oyè náà, ìyẹn ọmọ ọba Họ́ngárì tí Manuel fẹ́ fi ọmọbìnrin rẹ̀ fún. Ìgbà tí Montesquieu, ọmọ Faransé, kọ̀wé lọ́dún 1748 pé ìbẹ̀rù nìkan ló gbé ìjọba despot ró ni èébú náà wá fìdí múlẹ̀ káàkiri Yúróòpù. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gíríìsì, bí wọ́n bá fẹ́ kí bíṣọ́ọ̀bù títí dòní, “Déspota” ni wọ́n ń pè é, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.