Bí Jáàsì Ṣe Rí Yàrá Tí A Ti Ń Tẹ́tí Sí I

Ní oṣù tó ń bọ̀, lẹ́yìn tí a bá ti kírun Iṣáì tán, àwa mélòó kan ní Ìlọrin yóò to àga 40 sínú pálọ̀ ilé kan ní Tanke, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin tí wọ́n mọ iṣẹ́ wọn dunjú yóò sì fi saxophone, dùùrù, béèsì àti ìlù ṣeré jáàsì fún wákàtí méjì. Alẹ́ Sátidé mẹ́ta tẹ̀léra ni a là sílẹ̀ fún un. A kò ní ta ju tíkẹ́ẹ̀tì 40 lọ lálẹ́ kan, a kò ní fi àyè ijó sílẹ̀, a ó sì bẹ àwọn tó bá wá pé kí wọ́n pa fóònù wọn. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti dé etí àwọn ará àdúgbò, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi mí lemọ́lemọ́: irú òde wo ni ènìyàn ń lọ tí kò ní jó, tí kò ní náwó fún olórin, tí kò sì ní bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀? Mo ka ìbéèrè náà sí gidigidi, nítorí pé ìjókòó jẹ́ẹ́ yìí kì í ṣe àbímọ́ jáàsì. Wọ́n fi kọ́ ọ ni, àwọn olùkọ́ rẹ̀ sì ni owó orí, ogun, àti àwọn àjà ilẹ̀ tóóró kan ní ìlú New York.

Nínú ijó ni jáàsì ti jáde. Ìlú New Orleans, ní gúúsù Amẹ́ríkà, ni ó ti fìdí múlẹ̀ láàárín ìparí ọ̀rúndún 19 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, lọ́wọ́ àwọn ọmọ-ọmọ ẹrú tí a kó kúrò ní Áfíríkà, níbi tí àwọn baba ńlá wọn ti máa ń péjọ ní ọjọ́ Àìkú ní pápá kan tí à ń pè ní Congo Square láti lùlù kí wọ́n sì jó. Onífèrè ló máa ń ṣáájú òkú lọ sí ibojì, òun náà ló sì máa ń fi orin ayọ̀ mú àwọn ènìyàn padà wálé. Ẹni tó bá ti bá wọn sin arúgbó rí ní Ọ̀fà tàbí ní Òmù-Àrán kò nílò àlàyé lórí èyí. Buddy Bolden, tí òkìkí fèrè rẹ̀ kàn jù ní ìlú náà ní nǹkan bí 1900, inú gbọ̀ngàn ijó ló ti ń fun ún. Nígbà tí wọ́n sì kọ́kọ́ gba jáàsì sínú àwo ní 1917, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun kan, Original Dixieland Jass Band, ni wọ́n gbà, ohun tí mo kà sí ìwọ̀sí fún àwọn tó dá orin náà sílẹ̀. Ní 1926 ni wọ́n ṣí Savoy Ballroom ní Harlem, àdúgbò àwọn adúláwọ̀ ní New York, níbi tí ẹgbẹ́ olórin méjì ti máa ń figa gbága lójú àwọn oníjó. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹsẹ̀ oníjó ni olórin fi ń mọ̀ bóyá eré òun dùn.

Àwọn kan gbà pé gbọ̀ngàn ńlá ló kọ́ jáàsì ní ìjókòó. Lóòótọ́ ni Benny Goodman, olórí ẹgbẹ́ jáàsì kan, kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Carnegie Hall ní ọjọ́ 16 oṣù Kíní 1938, tí àwọn ènìyàn sì jókòó wò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìgbésẹ̀ pàtàkì ni, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn tó ń gba ènìyàn tó lé ní 2,000 kò lè jẹ́ ìyá yàrá tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Ní ọdún 1938 kan náà ni Henry Minton, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ onísaxophone, ṣí Minton's Playhouse sínú hòtẹ́ẹ̀lì Cecil ní Òpópónà 118 ní Harlem. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ́ aṣojú nínú ẹ̀ka New York ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn olórin, ìyẹn sì wúlò ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ, nítorí pé ẹgbẹ́ náà máa ń bu owó ìtanràn lé olórin tó bá ṣeré láìgbowó, àmọ́ ní ilé Minton ọkàn wọn máa ń balẹ̀. Ní 1940 ó fa àkóso ibẹ̀ lé Teddy Hill lọ́wọ́, Teddy Hill sì gba Kenny Clarke sídìí ìlù àti Thelonious Monk sídìí dùùrù. Ní alẹ́ Ọjọ́ Ajé wọ́n máa ń se oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún àwọn òṣèré tó ń ṣiṣẹ́ ní Apollo Theatre. Àwọn tí wọ́n ti lo gbogbo ọ̀sẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ńlá, tí wọ́n ń fun ohun tí a kọ sórí ìwé fún wọn kí oníjó má baà ṣìsẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń wá láti ṣe èyí tó wà lọ́kàn tiwọn. Charlie Christian gbé gìtá rẹ̀ wá. Dizzy Gillespie onífèrè àti Charlie Parker onísaxophone náà wá. Wọ́n mú orin náà yára, wọ́n lọ́ ọ, wọ́n sì fi ohùn tuntun gbè é lẹ́sẹ̀ débi pé ẹni tí kò bá múra sílẹ̀ kò lè bá wọn dúró lórí ìtàgé.

Ohun tí Kenny Clarke ṣe ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni mo rò pé jáàsì ti kọ̀yìn sí oníjó. Títí di ìgbà rẹ̀, ìlù ńlá tí onílù ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ló ń sọ fún oníjó ibi tí yóò gbẹ́sẹ̀ sí. Clarke gbé ìlànà ìlù náà kúrò lórí rẹ̀, ó gbé e lọ sórí síńbálì, idẹ pẹlẹbẹ tó wà lápá òkè, ó sì wá ń fi ìlù ńlá sọ̀rọ̀ lójijì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti retí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí ìyáàlù ṣe máa ń fi àwọn omele sílẹ̀ lórí ìrìn wọn, tí yóò sì máa sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lé wọn lórí, yóò lóye rẹ̀ kíákíá. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwa ṣì ń jó sí ìyáàlù. Àwọn oníjó ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò rí ibi gbé ẹsẹ̀ lé mọ́, àwọn tó kù síbẹ̀ sì ni àwọn tí etí wọn ń fẹ́ mọ ohun tí onílù ń sọ.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba dá sí i, láìmọ̀ pé orin ni òun ń tún ṣe. Amẹ́ríkà wà lójú ogun, ó sì ń wá owó. Ní oṣù Kẹrin 1944, ìjọba àpapọ̀ fi owó orí tó jẹ́ ìdá 30 nínú 100 lé owó tí ènìyàn bá ná ní ilé ìgbafẹ́ tí wọ́n ti ń jó tàbí tí akọrin ti ń kọrin. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n dín in kù sí ìdá 20. Ilé tó bá jẹ́ pé ohun èlò orin nìkan ló ń dún níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò jó, tí wọn kò sì fi ẹnu kọrin, kò ní san án. Ẹ wo ohun tí èyí jẹ́ fún ẹni tó ní ilé kékeré: bí oníbàárà bá jẹun tó sì mu ohun tó tó dọ́là 10, dọ́là 2 mìíràn di ti ìjọba nítorí pé ijó wà nínú ilé. Àwọn onílé ìgbafẹ́ kọ ọ́ sára ògiri pé kí ẹnikẹ́ni má jó, wọ́n to tábìlì sí ojú agbo ijó, wọ́n sì gba olórin mẹ́rin tàbí márùn-ún dípò ẹgbẹ́ ńlá. N kò sọ pé owó orí nìkan ló fà á o. Ogun ti kó ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin lọ, epo ọkọ̀ sì ṣọ̀wọ́n débi pé kíkó ẹgbẹ́ ńlá káàkiri di ìnira. Ṣùgbọ́n owó orí náà kò kúrò nílẹ̀ tán títí di 1965, nígbà tí ó sì fi máa kúrò, àwọn tí a bí nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ti pé ọmọ ogún ọdún, jáàsì tí wọ́n sì mọ̀ ni èyí tí a ń jókòó gbọ́. Ní Birdland, tí wọ́n ṣí ní New York ní oṣù Kejìlá 1949, apá kan wà tí ọ̀dọ́ tí kò lówó ọtí lè jókòó sí lẹ́yìn tó bá ti san owó ẹnu ọ̀nà, kí ó gbọ́rin títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́.

Ilé tó wá di àwòkọ́ṣe fún gbogbo wọn ni Village Vanguard. Max Gordon, tí a bí ní ìlà-oòrùn Yúróòpù tí àwọn òbí rẹ̀ sì gbé wá sí Amẹ́ríkà ní kékeré, ló dá a sílẹ̀ ní 1934. Ní 1935 ó kó o lọ sí àjà ilẹ̀ kan ní nọ́ńbà 178, Seventh Avenue South, ibẹ̀ náà ni ó sì wà títí di òní. Àwọn akéwì ni wọ́n kọ́kọ́ ń lo ibẹ̀, lẹ́yìn wọn àwọn akọrin ìbílẹ̀ àti àwọn apanilẹ́rìn-ín. Ní 1948, Lorraine, obìnrin tó padà di ìyàwó Gordon, rọ̀ ọ́ pé kí ó gba Thelonious Monk síbẹ̀, ó sì gbà, àmọ́ àwọn tó wá wò ó kò tó nǹkan. Ó di 1957 kí Gordon tó sọ ilé náà di ti jáàsì pátápátá. Onígun mẹ́ta ni yàrá náà, òrùlé rẹ̀ kò ga, ènìyàn 123 ni ó ń gbà, ẹ̀gbẹ́ tó ti rí tóóró ni wọ́n sì fi ìtàgé sí, kí ohùn lè máa ti ibẹ̀ fẹ̀ lọ bá àwọn olùgbọ́. Àwọn olórin fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé wọ́n ń gbọ́ ara wọn níbẹ̀.

Àwo orin ló gbé yàrá yìí rin ayé. Sonny Rollins, onísaxophone, gba àwo níbẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1957, John Coltrane, onísaxophone mìíràn, gba tirẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1961. Láàárín wọn, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà 1961, Bill Evans jókòó sídìí dùùrù pẹ̀lú Scott LaFaro tó ń ta béèsì àti Paul Motian tó ń lùlù, wọ́n sì ṣeré láti ọ̀sán títí di alẹ́. Ọjọ́ 11 lẹ́yìn náà, ìjàm̀bá ọkọ̀ pa LaFaro, ẹni ọdún 25 péré. Bí ẹ bá tẹ́tí sí ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú náà, ẹ ó gbọ́ ohun kan tó máa ń wú mi lórí: ife ń dún, àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ẹnìkan rẹ́rìn-ín ní ẹ̀yìn yàrá. Ìdákẹ́jẹ́ tí àwọn kan ń fi jáàsì halẹ̀ mọ́ wa lónìí kò pé pérépéré ní ibi tí a ti gba ọ̀kan nínú àwọn àwo tó tutù jù lọ nínú ìtàn rẹ̀.

Àwọn ìlú mìíràn rí ọ̀nà tiwọn. Ní Tokyo, láti 1929 ni ilé kọfí kan, Blackbird, ti ń fi àwo jáàsì gbọ́ fún àwọn oníbàárà. Lẹ́yìn ogun, nígbà tí àwo láti òkè òkun wọ́n gógó, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè ra ife kọfí kan kí ó jókòó gbọ́ ọ, àwọn ilé kan sì wà tí wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn sọ̀rọ̀ rárá. Ní London, Ronnie Scott àti Pete King, onísaxophone méjì, ṣí tiwọn ní 1959 sínú àjà ilẹ̀ kan ní Gerrard Street.

Nàìjíríà kò jìnnà sí ìtàn yìí. Louis Armstrong, onífèrè jáàsì, wá síbí ní 1960, ọdún òmìnira. Ní oṣù Kejìlá 1961, Nina Simone, Lionel Hampton àti Randy Weston wà lára àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tó wá ṣeré ní Èkó. Nígbà tí Fẹlá ti London dé, jáàsì ni ó fẹ́ fi jẹun, ṣùgbọ́n àwọn ará Èkó fẹ́ jó, ó sì ní láti fi háíláìfù lú u. Ó pẹ́ kí Fran Kuboye, ọmọ ẹ̀gbọ́n Fẹlá, àti ọkọ rẹ̀ Túndé tó dá Jazz 38, ilé jáàsì kan, sílẹ̀ ní Ojúlé 38, Òpópónà Awólọ́wọ̀, ní Ìkòyí. Ní òpópónà kan náà ni Jazzhole wà, ilé ìtajà ìwé àti àwo orin tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, tí olórin sì máa ń ṣeré láàárín pẹpẹ ìwé.

Ní ti Ìlọrin, n kò gbà pé a ń kọ́ ẹnikẹ́ni ní títẹ́tí. Àwọn tó jókòó yí Odòlayé Àrẹ̀mú tàbí Jáígbadé Àlàó ká nígbà tí dàdàkúàdà bá wọ ara tán, kí ni wọ́n wá ṣe bí kò ṣe láti gbọ́ ọ̀rọ̀? Ẹni tí òwe kan bá fò ó níbẹ̀ yóò bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ ni pé wọ́n máa ń dá olórin lóhùn, wọ́n sì máa ń náwó fún un. Nítorí náà ni a kò ṣe ní fi òfin ìdákẹ́jẹ́ lílekoko lé ogójì ènìyàn lórí ní Tanke. Ẹni tó bá fẹ́ ké "hẹ̀ẹ́n!" nígbà tí onísaxophone bá dárà, kí ó ké e. Mẹ́ta nínú àwọn olórin náà, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́, ní Ọ̀fà, Ìgbájà àti Òmù-Àrán. Onílù wọn jẹ́ ọmọ Ìlọrin láti ilé onídùndún, kò sì tíì ṣeré rí láìjẹ́ pé ẹnìkan dá a lóhùn.

Ohun tí a ń ṣọ́ra fún ni jẹnẹrétọ̀. Ilé mẹ́ta tó yí wa ká ló ní tirẹ̀, a sì ti lọ bá àwọn onílé náà pé kí wọ́n bá wa pa á fún wákàtí méjì ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbà, a sì ti pe àwọn náà wá. Báńtìrì ni a ó fi tan iná tiwa, olórin kankan kò sì ní lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá a ṣe ìdánwò, èmi jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí mo rò pé kò ní dára. Kí ọmọkùnrin náà tó fun saxophone rẹ̀, mo gbọ́ èémí tó fà sínú.